Páànù Tuntun Lórí Igi Tó Ti Jẹrà

Àwọn àgbà ní òjò kò bá ẹnì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni tí eji bá rí ni eji ń pa. Ọ̀rọ̀ òrùlé la fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí, kí ẹnikẹ́ni má sì bi wá pé kí ló kan ọjà nínú ọ̀rọ̀ òrùlé. Ta ni nínú wa tí kì í kó ọjà sílé? Ìsọ̀ kò láyè, olè kò sì jẹ́ kí á fọkàn balẹ̀. Inú yàrá ni àpò gàrí wà, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni páálí ẹja gbígbẹ wà. Òrùlé tó bo àwọn ọmọ wa náà ló bo owó ọjà wa.

Ohun tó mú wa gbé gègé nìyí. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan wà tó ń ta èlùbọ́, ilé rẹ̀ kò jìnnà sí Ọmọ́lé, ní ìhà Ògbà lọ́hùn-ún. Ilé tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ni. Páànù ilé náà ti dógùn-ún, ó ti lu bí asẹ́, bí òjò bá ń bọ̀, bàsíà àti ìkòkò ló máa ń tò sílẹ̀ káàkiri. Ó wá bá ẹgbẹ́ pé kí á yá òun lówó, a sì yá a. Àwa fúnra wa la ka owó náà sí i lọ́wọ́. Ó ní kí á fi díẹ̀ kún un nítorí igi òkè. A ní rárá, páànù la gbọ́ pé ó ń jò, páànù la ó yá a lówó fún. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn, a ó tún padà sí i.

Ó ra páànù tuntun, pupa fòò, ó ń dán yinrin. Ọjọ́ méjì péré ni káfíńtà fi kàn án tán. Gbogbo wa lọ bá a yọ̀, a jẹ ìrẹsì, a ní ọwọ́ káfíńtà yìí mà yá o.

Kò ju òjò kejì lọ tí omi fi tún ń wọlé. Ẹ sì wò ó, ti àkọ́kọ́ sàn jù, nítorí ẹni tí ilé rẹ̀ ń kán tótó mọ ibi tí yóò gbé bàsíà sí. Ti ẹ̀ẹ̀kejì yìí, orí àjà ló ń rin gbà, ó ń tọ ara ògiri sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn àpò, kò sẹ́ni tó rí i. Ọjọ́ tó máa fa àpò ìsàlẹ̀ jáde kó lọ sọ́jà, àpò mọ́kànlá ló ti bu. Èlùbọ́ hu irun dúdú àti irun aláwọ̀ ewé, òórùn rẹ̀ ń gba gbogbo ilé.

A bẹ bàbá káfíńtà kan tó ti dàgbà nínú iṣẹ́ náà pé kó bá wa gòkè lọ wò ó. Ó tú páànù mẹ́ta péré, ó sì pè wá pé ká gun àkàbà wá wò ó fúnra wa. Àwa náà gùn ún, pẹ̀lú ìró wa tí a dì mọ́ ìdí. Igi tó sùn lórí ògiri, tí àwọn káfíńtà ń pè ní wọ́ọ̀lù-pilétì, ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán. Bàbá yọ kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀, ó fi gún igi náà, kọ́kọ́rọ́ wọlé bí ẹni gún iṣu sísè. Orí igi yìí ni wọ́n kan páànù tuntun mọ́. Bí atẹ́gùn bá ti gbé páànù díẹ̀, ìṣó á fà jáde díẹ̀, ihò rẹ̀ á sì fẹ̀ sí i, nítorí igi kò lágbára láti dì í mú. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Bàbá yẹn ló là wá lójú, ohun tó sọ la fẹ́ kọ síhìn-ín kí gbogbo yín lè jẹ nínú rẹ̀.

Ó ní ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ òrùlé, igi ni kó kọ́kọ́ wò. Kí wọ́n ṣí gbogbo páànù kúrò, kí wọ́n fi nǹkan ẹlẹ́nu ṣóńṣó gún igi kọ̀ọ̀kan, pàápàá níbi tó bá ti kan ògiri, nítorí ibẹ̀ ni omi ń dúró sí, ibẹ̀ náà ni ikán ń gbà gòkè. Èyí tó bá rọ̀, ẹ má ṣe ṣàánú rẹ̀. Bí ẹ bá sì ń ra igi mìíràn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tan yín pẹ̀lú arère nítorí pé owó rẹ̀ kò pọ̀. Arère rọ̀, ikán fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn ṣúgà. Òpepe tàbí apá ló lè gbé òrùlé. Kí igi náà gbẹ dáadáa, kí wọ́n sì fi oògùn igi kùn ún kó tó gòkè, tòun ti ojú ibi tí wọ́n ti gé e. Ẹlòmíràn ń lo epo mọ́tò tí wọ́n ti lò tán. Ó sàn ju òfìfo lọ, àmọ́ oògùn igi gan-an ló dára jù.

Lẹ́yìn igi, ó kan ìṣó. Ẹ wo páànù wa yìí, ó ní òkìtì ó sì ní kòtò. Inú kòtò ni omi ń gbà ṣàn lọ. Ta ló máa wá lu ihò sójú ọ̀nà omi? Káfíńtà ọlọ́wọ́ yíyá wa yẹn lù ú. Orí òkìtì ni ìṣó ń wọ̀, wáṣà rọ́bà gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ orí ìṣó náà, kí wọ́n má sì lù ú títí tí rọ́bà á fi fọ́. Níbi tí páànù òkè ti gun ti ìsàlẹ̀, kó tó ìnṣì 6 ó kéré tán. Lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó tó òkìtì kan àbọ̀ tàbí méjì. Ti ìyá elélùbọ́, ìka kan ni wọ́n fi gun ara wọn, kí páànù lè tó! Bàbá tún ní ìjì ńlá tó máa ń ṣáájú òjò ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin, láti ìlà oòrùn ló sábà máa ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, nítorí náà láti ìwọ̀ oòrùn ni ọlọ́gbọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í to páànù, kí ẹnu ibi tí wọ́n ti gun ara wọn lè kọ ẹ̀yìn sí ìjì.

Ọ̀rọ̀ páànù fúnra rẹ̀ ń kọ́? Òrùlé kì í ṣe ohun àjèjì ní àgbègbè wa. Láti ọdún 1959 ni wọ́n ti dá Nigerite sílẹ̀, òpópónà Ọba Akran ní Ìkẹjà níbí ni a mọ̀ ọ́n sí. Síbẹ̀ wọ́n ń rẹ́ wa jẹ. Àwọn longspan alumíníọ̀mù tó wà lọ́jà, èyí tó nípọn ní 0.45 mílímítà wà, èyí tó nípọn ní 0.55 wà. Ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn. Ẹni tó sanwó 0.55 lè gbé 0.45 lọ sílé, tàbí èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀ pàápàá. Àwa tí à ń ta gàrí mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ tẹ ìdí kóńgò wọnú, àbí ẹ fẹ́ sọ pé ẹ kò mọ̀ ọ́n? Gééjì kékeré kan wà tí wọ́n fi ń wọn ín, tó máa ń há páànù lẹ́nu. Ẹ ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n lójú yín kí owó tó kúrò lọ́wọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí bíríkìlà da sìmẹ́ńtì tútù sí alumíníọ̀mù lára, ó máa ń jẹ ẹ́.

Ní ti ooru, àwọn baba ńlá wa tó fi ewé gbódògì tàbí koríko bẹẹrẹ bo ilé kò mọ irú ooru tí a mọ̀ yìí. Ní Ọ̀yọ́, àjọ̀dún gidi ni wọ́n fi ń ṣe é láyé àtijọ́, ọdọọdún ni àwọn ará ìlú ń ru koríko bẹẹrẹ wá tún òrùlé ààfin ṣe. Irin kò rí bẹ́ẹ̀. Bí oòrùn bá ti ràn, á gbóná débi tí ọwọ́ kò lè kàn án, gbogbo ooru yẹn á sì rọ́ lu orí wa. Ẹ jẹ́ kí àyè wà láàárín páànù àti àjà, kí ihò atẹ́gùn wà lábẹ́ etí òrùlé yí ilé ká, kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bò ó nítorí àdán àti ẹyẹ. Atẹ́gùn á máa wọlé níhìn-ín, á máa jáde lọ́hùn-ún, ooru á sì bá a lọ. Páànù aláwọ̀ fúnfun tàbí èyí tó mọ́lẹ̀ kì í gbóná tó dúdú tàbí pupa. Ti ìyá elélùbọ́, wọ́n fi pákó dí gbogbo etí òrùlé pa, wọ́n ní kó lè gún régé.

Ihò yìí kan náà ló ń gbà wá lọ́wọ́ omi tí kì í ṣe ti òjò. Àwọn kan nínú wa ń ké pé òrùlé àwọn ń jò nígbà ọyẹ́. Kò jò, páànù ló ń làágùn. Ẹ rántí ìkòkò ọbẹ̀ tí a dé: bí ẹ bá ṣí ọmọrí rẹ̀, ṣebí omi wà lábẹ́ rẹ̀? Oru ilé ìdáná àti èémí àwa tí à ń sùn ń gòkè lóru, páànù ti tutù nídàájí, oru náà á di omi lábẹ́ rẹ̀, á sì máa kán sórí igi àti àjà. Níbi tí kò bá ti sí ọ̀nà àbájáde, igi á jẹrà láìjẹ́ pé òjò kan án rárá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ eléyìí. Àwọn ilé àtijọ́ kan wà tó jẹ́ ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì ni wọ́n fi bò wọ́n, páànù eléérú tó nípọn, tó máa ń fọ́ bí àwo. Nígbà tí a kò tíì mọ̀, àwọn ọmọ a máa ju àfọ́kù rẹ̀ sínú iná kó lè dún gbàù. Àjọ ìlera àgbáyé ti là á mọ́lẹ̀ pé eruku rẹ̀ ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè tó ọdún 20 sí 40 kó tó hàn. Ẹ má jẹ́ kí káfíńtà fi ayùn rẹ́ ẹ tàbí kó jù ú sílẹ̀ láti òkè. Kí wọ́n wọ́n omi sí i kó tutù, kí wọ́n yọ ìṣó rẹ̀, kí wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀ lódidi, kí wọ́n fi ọ̀rá dì í, kí wọ́n sì bo imú wọn dáadáa. Ẹ kó ọmọ àti ọjà kúrò nílé lọ́jọ́ náà. Ẹ má sì fọ́ ọ dí kòtò ojú títì.

Oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ni kí ẹ ṣe iṣẹ́ yìí. Oṣù kẹfà ni òjò ń pọ̀ jù l'Ékòó, ẹni tó bá ṣílé sílẹ̀ nígbà yẹn ń wá ìjàngbọ̀n. Ẹ̀yin tí ẹ ní ògiri yí òrùlé ká bíi ti àwọn ẹsiteeti Ọmọ́lé, tí a kì í rí páànù láti ìsàlẹ̀, ẹ máa kó ewé àti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kúrò nínú gọ́tà tó fara pamọ́ sókè yẹn.

Ó ku ọ̀rọ̀ àpò mọ́kànlá. Ìyá elélùbọ́ ní òun á sá a sóòrùn, òun á jọ̀ ọ́, òun á pò ó mọ́ èyí tó dára. Àwọn kan nípàdé ní kó ṣe bẹ́ẹ̀, oníbàárà kò ní mọ̀. A kò lè bá a wí, owó ilé ìwé ọmọ ló wà nínú àpò yẹn. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọmọ ọ̀kan nínú wa ṣàlàyé pé èlùbọ́, ẹ̀pà tàbí àgbàdo tó bá bu lè ní májèlé tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, oòrùn kì í lé e, iná kì í sì pa á tán. A fa ọ̀rọ̀ náà títí ilẹ̀ fi ṣú. Níkẹyìn, a da gbogbo rẹ̀ nù. Nígbà tó jẹ́ pé àwa la kọ̀ láti yá a lówó igi, ẹgbẹ́ san ìdajì owó èlùbọ́ náà fún un, a sún gbèsè rẹ̀ síwájú, a sì yá a lówó igi tí a kọ̀ fún un tẹ́lẹ̀. Bàbá káfíńtà yẹn ló tún un kàn. Òjò ọdún kan ti rọ̀ lé e lórí, ó gbẹ táútáú.

Ẹgbẹ́ ti ra gééjì tí a fi ń wọn páànù. Ọwọ́ akápò ló wà. Ẹni tó bá ń lọ ra páànù kó wá yá a, kò sanwó, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà gan-an ni kó dá a padà.