Ẹlẹ́ṣin inú eré kì í ṣe Olókùn Ẹṣin Ọ̀yọ́

Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Ẹlẹ́ṣin Ọba lónìí, ẹni tó máa ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn ni ọkùnrin kan tí ọba rẹ̀ wàjà, tó yẹ kó bá ọba lọ, ṣùgbọ́n tó lọ ń gbé ìyàwó tuntun lọ́jọ́ tí ikú ń dúró dè é. Inú eré Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká tó jáde lọ́dún 1975 ni ọkùnrin yìí ti wá, olóògbé Bíyí Bándélé sì sọ eré náà di fíìmù lọ́dún 2022. Eré náà dùn, ó sì jinlẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá kà á bí ìwé ìtàn Ọ̀yọ́ yóò dá ẹnì kan lẹ́bi ohun tí kò ṣe.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí. Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù Kìíní wàjà ní oṣù Kejìlá, ọdún 1944. Jínádù ni Olókùn Ẹṣin rẹ̀, àṣà sì ti là á sílẹ̀ pé kò gbọdọ̀ pẹ́ lẹ́yìn ọba. Ní ọjọ́ kẹrin, oṣù Kìíní, ọdún 1945, Jínádù wọ aṣọ funfun, ó ń jó gba ìgboro lọ sí ilé Baṣọ̀run. Bí ijó náà bá parí, ayé rẹ̀ parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ajẹ́lẹ̀ òyìnbó gbọ́, ó ní kí wọ́n lọ mú un. Nígbà tí Múránà, àbíkẹ́yìn rẹ̀, gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó pa ara rẹ̀ dípò bàbá rẹ̀.

Nínú eré, ọmọ náà di Olúndé, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìṣègùn tó ti ìlú ọba dé. Bàbá náà fúnra rẹ̀ ló fi ọjọ́ falẹ̀ nítorí adùn ayé. Nígbà tó sì rí òkú ọmọ rẹ̀, ó pa ara rẹ̀ nínú àhámọ́. Òǹkọ̀wé kò fi èyí pa mọ́. Ó sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀ ìwé náà pé òun yí àwọn nǹkan kan padà, àti pé òun sún un sẹ́yìn sí ìgbà ogun. Ọdún 1946 ló pe ìṣẹ̀lẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ogun kò tíì parí nígbà tí wọ́n mú Jínádù.

Kí ló dé tó fi yí i? Ìdí ni pé ohun tó ń wá ni bí ọkàn èèyàn ṣe ń já nígbà tí iṣẹ́ tó gbà bá dé ojú ẹ̀. Dúró Ládiípọ̀ ti fi ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà ṣe eré Ọba Wàjà lọ́dún 1964. Nínú tirẹ̀, ọrùn ajẹ́lẹ̀ ni ẹ̀bi wà jù. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan ni, ojú méjì ló wò ó, ojú kọ̀ọ̀kan sì rí òtítọ́ tirẹ̀.

Òtítọ́ eré kò sọ ìṣẹ̀lẹ̀ di irọ́, ìṣẹ̀lẹ̀ náà kò sì sọ eré di asán. Ṣùgbọ́n èèyàn ẹlẹ́ran ara ni Jínádù. Ẹnu ijó ni wọ́n ti mú un, kì í ṣe lórí ẹní ìyàwó. Kí ẹni tó bá wo Ẹlẹ́ṣin lórí ìtàgé bínú sí Ẹlẹ́ṣin, kó má sì gbé ìbínú náà dé ilé Olókùn Ẹṣin. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.