Ṣé O Mọ̀? Wáìnì Dúdú Ìlú Cahors

Ṣé o mọ̀ pé wáìnì kan wà ní Faransé tí wọ́n ń pè ní "wáìnì dúdú"? Cahors ni, orúkọ ìlú tí wọ́n ti ń pọn ọ́n, létí odò Lot ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ náà. Pupa ni lóòótọ́, àmọ́ pupa rẹ̀ ki débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di dúdú nínú ife. Láyé àtijọ́, wọ́n tilẹ̀ máa ń se díẹ̀ lára omi àjàrà náà lórí iná kó lè ki sí i.

Ṣé o mọ̀ pé kì í ṣe ọtí ẹlẹ́nu dídùn? Bí o bá kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, á fa ẹnu rẹ pọ̀ bí ẹni tó jẹ obì. Èèpo àti kóró àjàrà ló fà á. Ohun kan náà ni kì í jẹ́ kó tètè bàjẹ́: èyí tó bá dáa nínú rẹ̀ lè lo 20 ọdún nínú ìgò, kó sì máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn ará Bordeaux fojú Cahors rí màbo? Odò Lot ń ṣàn wọ Garonne, Garonne sì gba Bordeaux kọjá lọ sókun. Ọ̀nà yìí ni wáìnì Cahors ń gbà dé Ìlú Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́. Àmọ́ ẹni tó bá di ẹnu ọ̀nà mú ló ni ọjà: àwọn ará Bordeaux kì í jẹ́ kí wáìnì òkè odò wọlé kí wọ́n tó ta tiwọn. Ọdún 1776 ni Turgot, mínísítà ọba, gbé òfin jáde láti fòpin sí i.

Ṣé o mọ̀ pé orúkọ rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀ṣì Rọ́ṣíà? "Kagor" ni wọ́n ń pe wáìnì ìdàpọ̀ mímọ́ níbẹ̀; láti ara Cahors ni orúkọ náà ti wá. Àmọ́ orúkọ nìkan ló pa wọ́n pọ̀: tiwọn dùn bí oyin, ti Cahors kò ládùn ṣúgà rárá.

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ parun? Ní nǹkan bí 1870 sí 1880, kòkòrò kékeré kan tó ti Amẹ́ríkà wá jẹ gbòǹgbò àjàrà wọn run. Wọ́n so ẹ̀ka àjàrà tiwọn mọ́ gbòǹgbò ti Amẹ́ríkà, tí kòkòrò náà kì í rí pa. Ní oṣù kejì ọdún 1956, òtútù yìnyín tún pa èyí tó pọ̀ jù nínú ọgbà wọn. Wọ́n gbìn ín lákọ̀tun, nígbà tó sì di 1971, òfin Faransé fi orúkọ Cahors sábẹ́ ààbò.

Ṣé o mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí o ti mu ìbátan rẹ̀ rí? Malbec ni àjàrà rẹ̀. Òfin ní kó tó ìdá 70 nínú 100, ó kéré tán. Ní 1853, Michel Pouget, ọmọ Faransé, ń bá wọn ṣètò oko àjàrà ní Argentina, ó sì kó o dání lọ. Lónìí, Malbec Argentina pọ̀ ju ti Faransé lọ fíìfíì.

Bí o bá rí ìgò Cahors, ṣí i ní wákàtí kan ṣáájú oúnjẹ, kí o sì fi ẹran ọlọ́ràá tì í. Má fi ikùn òfìfo mu ún.