Bí Ọ̀fọ̀ Bá Ṣẹ̀ Nílé Ọ̀rẹ́ Tí Ẹ̀sìn Wa Kò Pa Pọ̀

   Ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe ti iye tí wọ́n ń ta àgbàdo, kì í sì í ṣe ti abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọ̀rọ̀ ẹnu wa àti ẹsẹ̀ wa ni. Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ nílé ọ̀rẹ́ tí àwa àti òun kì í jọ ṣe ẹ̀sìn kan náà, ìgbà wo la máa ń lọ, kí la sì máa ń sọ?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ tèmi. Onígbàgbọ́ ni mí. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó jẹ́ mùsùlùmí, gàrí ló ń tà, a sì ti jọ ń bọ̀ ọjọ́ ti pẹ́. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọkọ rẹ̀ kú láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n pè mí, mo sunkún. Ṣùgbọ́n mo sọ nínú ara mi pé, "Wọ́n á dá ọjọ́ ìsìnkú, nígbà náà ni màá lọ." Ẹ mọ̀ pé lọ́dọ̀ àwa onígbàgbọ́, òkú lè wà ní mọ́ṣúárì fún ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta, kí ẹbí tó palẹ̀ mọ́. Ọjọ́ Sátidé ni mo tó débẹ̀. Wọ́n ti sin ọkùnrin náà láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn gan-an, kí wọ́n tó kírun alásárì.

Èyí tó wá burú jù ni pé mo jókòó, mo bi ọ̀rẹ́ mi pé, "Ìgbà wo ni ìnáwó? Aṣọ wo lẹ fẹ́ mú?" Kò dáhùn. Ilẹ̀ ló ń wò. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló dá mi lóhùn pé, "A ti sin ín, ọmọ mi. Àwa kì í tọ́jú òkú pamọ́." Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ilẹ̀ bá lanu lọ́jọ́ náà, mi ò bá wọ inú ẹ̀ lọ. Èmi tí mo kọ́ṣẹ́ olùkọ́, èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò!

Bí mo ṣe jókòó síbẹ̀ ni ìyá kan wọlé. Ìsọ̀ rẹ̀ ló kángun sí ti ọ̀rẹ́ mi lọ́jà. Ilé olórìṣà ni wọ́n bí i sí, olórìṣà náà ni dòní. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà, ó wá kọjú sí ọ̀rẹ́ mi, ó ní, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Gàrí yín tó wà lọ́jà, ẹ má ro ti ẹ̀ mọ́. Èmi ni màá máa tà á." Ó mọ̀ pé bí ọkọ obìnrin mùsùlùmí bá kú, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni yóò fi ṣe opó, àyàfi tó bá lóyún, tí yóò fi di ìgbà tó bá bí. Àwọn ààfáà ní ó lè jáde lọ́sàn-án fún ohun tó bá di dandan, ṣùgbọ́n kì í ṣe kó wá máa pariwo ọjà kiri.

Ìyá náà ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọjà, á tú etí aṣọ rẹ̀, á ka owó náà lójú ọ̀rẹ́ mi, á yọ owó àjọ sọ́tọ̀, á bá a gbé e lọ fún alájọ. Nígbà tí opó parí, ọ̀rẹ́ mi padà sórí ìsọ̀ láìjẹ gbèsè. Ó sọ fún mi pé, "Ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn sọ nígbà yẹn, mi ò rántí ìdajì ẹ̀. Ìyá tó ta gàrí mi, mi ò lè gbàgbé ẹ̀."

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká kọ́ ọ. Àkọ́kọ́ ni àkókò. Bí ó bá jẹ́ ilé mùsùlùmí, má dúró de ọjọ́ kankan. Bí o bá ti gbọ́, dìde. Wọ́n sáà máa ń yára sin òkú wọn. Bí o kò bá bá ìsìnkú, àdúà ọjọ́ kẹjọ wà níwájú. Ní ilé onígbàgbọ́, ọjọ́ lè wà láàárín, ṣùgbọ́n ẹ̀yin mùsùlùmí, ẹ má dúró de ọjọ́ ìsìnkú kẹ́ ẹ tó yọjú. Ọjọ́ tí wọ́n gbé òkú lọ sí mọ́ṣúárì, tí ilé dákẹ́, ọjọ́ náà ni èèyàn ṣe pàtàkì. Ní ilé olórìṣà, ètùtù lè wà tí àlejò kì í bá wọn dé. Bi ẹbí léèrè, ibi tí wọ́n bá ní kó o dúró sí ni kó o dúró.

Àwọn kan á ní, "Ṣé ẹ̀sìn mi gbà kí n lọ?" Ẹ̀yin mùsùlùmí, ìtàn wà nínú hádíìsì pé wọ́n gbé òkú Júù kan kọjá, Ànábì dìde fún un. Nígbà tí wọ́n ní Júù ni, ó bi wọ́n pé ṣé òun náà kì í ṣe ẹ̀mí ni. Ẹ̀yin onígbàgbọ́, Jésù sunkún ní ibojì Lásárù, kó tó ṣe ohunkóhun. Kíkí ọlọ́fọ̀ kò sọ ẹnikẹ́ni di ẹlẹ́sìn mìíràn.

Èkejì, ọ̀rọ̀ ẹnu. Yorùbá ti bá wa ṣe é: "Ẹ kú ará fẹ́ra kù," "Ẹ kú àmúmọ́ra," "Ọlọ́run á tù yín nínú." Kò sí ilé ẹ̀sìn tí wọn ò ti ní dáhùn wọn. Tó bá jẹ́ àgbàlagbà tó fọmọ sáyé ló lọ, a lè ní "Ẹ kú ìpẹ̀yìndà, ẹ̀yìn wọn á dára." Ṣùgbọ́n bí ọ̀dọ́ bá kú, ọ̀fọ̀ ni, a kì í kí wọn kú ìnáwó. Má wàásù níbẹ̀. Má béèrè bóyá olóògbé ronú pìwà dà. Bí wọ́n bá ń ṣàdúà tí èdè rẹ̀ kò yé ọ, dákẹ́, kó o ṣe àmín. Àmín kan náà la jọ ń ṣe.

Ẹ rántí Jóòbù, tí àwọn mùsùlùmí ń pè ní Àyúbà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta wá, wọ́n jókòó tì í nílẹ̀ ní ọjọ́ méje, òru méje, ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀. Ohun tó dára jù tí wọ́n ṣe nìyẹn. Ìgbà tí wọ́n lanu, tí wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ló fà á, ni wọ́n bà á jẹ́.

Ẹ̀kẹta, ohun tá a gbé lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n pa Jáfárù lójú ogun Mútà, Ànábì ní kí wọ́n se oúnjẹ fún ará ilé rẹ̀, nítorí ìbànújẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n ráyè. Àwa ńkọ́? Àwa ló ń lọ jẹun ọlọ́fọ̀! Ẹ gbé gàrí lọ, ìrẹsì, omi, èédú, ọṣẹ. Bó bá jẹ́ adìẹ lẹ fẹ́ fún mùsùlùmí, ẹ gbé e lọ láàyè, kí wọ́n fúnra wọn dú u. Sódàbì kì í wọlé mùsùlùmí, kì í sì í wọlé àwọn Sẹ̀lẹ́ náà. Láti ìgbà tí Oṣọ́fà ti dá ìjọ yẹn sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ lọ́dún 1947, wọn kì í mu ọtí, wọn kì í sì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ìlera. Àwọn oníṣègùn ti rí i pé ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí èèyàn ẹni kú, ewu àìsàn ọkàn máa ń pọ̀ sí i fún ẹni tó kù, pàápàá àgbàlagbà àti ẹni tó ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Oorun ò sí, oúnjẹ ò wọlé, wọ́n sì gbàgbé oògùn. Bi í léèrè pé, "Ẹ ti lo oògùn yín lónìí?" Bu omi fún un. Bí àyà bá ń dùn ún, tàbí tí èémí rẹ̀ kò já gaara, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ má ní ìbànújẹ́ lásán ni.

Kí n tó lọ: ronú kan ẹnì kan tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Èrò ti dá níbẹ̀ báyìí. Yà síbẹ̀ lónìí.

Ní tèmi, mo padà lọ bẹ ọ̀rẹ́ mi. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "O ṣáà wá. O kàn pẹ́ ni." Ẹ má jẹ́ kí tiyín pẹ́ o. Ó dìgbà kan ná.