Ohun Tó Ń Sọ Ọjọ́ Orí Ẹ́ńjìnnì Alùpùpù Àlòkù

Iye kìlómítà ojú aago ni ọ̀pọ̀ oníbàárà kọ́kọ́ ń wò lára alùpùpù àlòkù, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà yìí kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè fi gbogbo ara gbẹ́kẹ̀ lé. Lára ọ̀pọ̀ alùpùpù, wáyà kan tó ń yí pẹ̀lú táyà iwájú ni ó ń gbé nọ́ńbà náà lọ, tó fi jẹ́ pé bí wáyà bá já, aago á dúró sójú kan, alùpùpù á sì máa bá ìrìn rẹ̀ lọ. Ọ̀kadà tó bá ń rin 100 kìlómítà lójúmọ́ fún 300 ọjọ́ yóò ti rin 30,000 kí ọdún tó yí po. Nítorí náà, èyí tó ti fi ọdún mẹ́ta gbé èrò, tí aago rẹ̀ sì ń ka 8,000, irọ́ ni aago náà ń pa.

Ohun tó ń sọ ẹ́ńjìnnì di arúgbó ju ọ̀nà jíjìn lọ ni ọ́ìlì tó gbó tàbí tí kò tó. Ẹ́ńjìnnì kékeré tí afẹ́fẹ́ ń tù kò ní omi bíi ti mọ́tò. Ọ́ìlì bíi lítà kan péré ni ó ń mú kí irin yọ̀ lára irin, òun náà ni ó sì ń bá a gbé ooru kúrò. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Honda ń ṣe CG125, tó jáde ní ọdún 1976, wọ́n ti rí i pé níbi tí alùpùpù ti ń ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó, àwọn tó ń gùn ún kì í pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò, èyí tó ń mú kí kámù orí ẹ́ńjìnnì, ìyẹn irin tó ń ṣí fáàfù tó sì ń pa á dé, tètè jẹ. Wọ́n gbé kámù náà wá sísàlẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ti fáàfù láti ibẹ̀. Ọgbọ́n ńlá ni èyí, ó sì wà lára ìdí tí irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ fi ń pẹ́.

Àyẹ̀wò tó níye lórí jù ni èyí tí wọ́n ṣe nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, nítorí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti mú gbóná kí oníbàárà tó dé ti bo àṣírí púpọ̀. Bí wọ́n bá fún un níná, tí èéfín aláwọ̀ aró ń jáde láìdáwọ́ dúró, ríìngì, ìyẹn òrùka irin tó yí písítìnì ká, ti jẹ, ẹ́ńjìnnì sì ti ń jẹ ọ́ìlì. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí wọ́n dẹwọ́ iná, tí wọ́n tún fún un, ni ó tú jáde lẹ́ẹ̀kan, rọ́bà ìdí fáàfù ló sábà máa ń fà á, àtúnṣe ìyẹn kò sì wọ́nwó tó ti ríìngì. Kí oníbàárà tún yọ ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì, kí ó fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ ra ọ́ìlì náà nínú oòrùn: dídúdú rẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n bí ohun wínníwínní bá ń dán nínú rẹ̀, irin inú ẹ́ńjìnnì ló ń rún.

Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ kì í bi ẹni tó ń tà á ni iye ìgbà tí wọ́n ti gbẹ́ inú sìlíńdà. Písítìnì tó fi 0.25, 0.50, 0.75 tàbí 1.00 mìlímítà tóbi ju ti ilé-iṣẹ́ lọ ni wọ́n sábà máa ń tà fún irú àtúnṣe yìí, sìlíńdà tí wọ́n bá sì ti gbẹ́ dé 1.00 kò sábà ní ibi tí wọ́n tún lè gbẹ́ mọ́. Sìlíńdà tuntun ni ẹni tó rà á yóò wá owó rẹ̀.