Ṣé O Mọ̀ Pé Nọ́ńbà Kẹwàá Ń Ṣọ́ Owó Rẹ?

Ṣé o mọ̀ pé nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn nínú nọ́ńbà àkáǹtì rẹ kì í ṣe nọ́ńbà lásán? Ẹni tó bá fẹ́ fi owó ránṣẹ́ ní ìsọ̀ POS ní Kamazou, ní gúúsù ìlú Kàdúná, nọ́ńbà 10 ló máa kà fún ọmọ tó jókòó síbẹ̀. Mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ ni ti oníbàárà. Ẹ̀kẹwàá, ẹ̀ṣọ́ ni. Kọ̀ǹpútà á mú nọ́ńbà mẹ́ta tí CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, fi dá báńkì náà mọ̀, á tò ó ṣáájú mẹ́sàn-án yẹn, á fi 3, 7, 3 sọ wọ́n di púpọ̀ ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé dé òpin, á wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Iye tó kù kí àròpọ̀ náà tó bọ́ sórí iye tí ẹ̀wá lè pín géérégé ni nọ́ńbà kẹwàá. Bí ọmọ POS bá ṣi ẹyọ nọ́ńbà kan ṣoṣo tẹ̀, ìṣirò náà ò ní bára mu mọ́. NUBAN lorúkọ ètò yìí, 2010 ni CBN gbé e jáde. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ yìí ò mọ ojú ẹnikẹ́ni o: nọ́ńbà 10 kan náà lè jẹ́ ti ẹlòmíràn ní báńkì míì. Orúkọ tó bá jáde ni kó o kà kó o tó ní "bẹ́ẹ̀ ni".

Ṣé o mọ̀ pé ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló wó Barings, báńkì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti wà láti 1762? Ní Singapore, Nick Leeson, òṣìṣẹ́ báńkì náà, ló ń rà tó ń tà, òun náà ló ń bójú tó ìwé ohun tó rà àtohun tó tà. Ó ń kó àdánù rẹ̀ pamọ́ sínú àkáǹtì kan, 88888. Nígbà tí àṣírí tú ní 1995, àdánù ti lé ní £800 mílíọ̀nù, £1 péré sì ni báńkì ING fi rà á. Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé àwọn ọ́dítọ̀ inú ilé ti kìlọ̀ ní 1994 pé kí wọ́n pín iṣẹ́ méjèèjì níyà. Ẹni tó ń sebẹ̀ kọ́ ló yẹ kó ka ẹran inú ìkòkò.

Àwọn alájọ wa ti mọ̀ tipẹ́ pé kò yẹ kí ìwé owó wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo: wọ́n á sàmì sínú ìwé tiwọn, wọ́n á sàmì sórí káàdì tó wà lọ́wọ́ rẹ.

Àṣìkọ pàápàá a máa gba owó là. Ní 2016, àwọn olè wọnú kọ̀ǹpútà báńkì àpapọ̀ Bangladesh, wọ́n sì rí $81 mílíọ̀nù kó lọ sí Philippines. Wọ́n tún darí $20 mílíọ̀nù sí Sri Lanka, àmọ́ "fandation" ni wọ́n kọ dípò "foundation". Ìyẹn ló fu báńkì tí owó náà ń gbà kọjá lára, owó náà ò sì lọ. Ẹ kí tíṣà Gẹ̀ẹ́sì fún mi!

Èyí tó sún mọ́lé jù: abala 125 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ní kí Ọ́dítọ̀ Àgbà ìpínlẹ̀ yẹ ìwé owó ìjọba wò, kó sì gbé ìròyìn rẹ̀ fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Síbẹ̀, kò láṣẹ láti yẹ ìwé àwọn àjọ tí òfin dá sílẹ̀ wò fúnra rẹ̀. Orúkọ àwọn ọ́dítọ̀ tí wọ́n lè yàn ló ń fún wọn. Nítorí náà, bí aṣòfin bá wá tọrọ ìbò ní Kamazou, ẹ bi í léèrè ohun tó fi ìròyìn ọ́dítọ̀ ṣe.