Sàráà Ẹni Tí Kò Lówó Lọ́wọ́

Ní àwọn mọ́sálásí Ṣómólú àti Bàrígà, bí Lèmọ́mù bá ti sálámà tán, àwọn kan a máa jókòó ka tẹ̀súbáà tàbí oríkèé ìka. Àwọn mìíràn a sáré padà sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tàbí sọ́jà. Lóòótọ́, ìrun ẹni tí ó sáré pé. Kí ni ó wá pàdánù?

“Súbúhánálláhì” ìgbà 33, “Alihamudulilahi” ìgbà 33, “Aláhù Akibárù” ìgbà 33. Ìjẹ́rìí pé Ọlọ́run kan ṣoṣo ni ó wà ni ó sọ ọ́ di 100. Hádíìsì sọ orísun rẹ̀. Àwọn tálákà fẹjọ́ sun Ànábì pé àwọn ọlọ́rọ̀ ń kírun, wọ́n ń gbààwẹ̀ bíi tiwọn, wọ́n sì tún ń fowó ṣe sàráà, wọ́n ń dá ẹrú sílẹ̀. Ànábì fi gbólóhùn wọ̀nyí kọ́ wọn. Nígbà tí àwọn ọlọ́rọ̀ gbọ́, àwọn náà mú un lò. Ànábì ní oore Ọlọ́run ni, ẹni tí ó wù Ú ni Ó ń fún.

Nítorí náà, alágbàṣe tí kò ní kọ́bọ̀ lápò gan-an ni a kọ́kọ́ fi ẹ̀bùn yìí rántí. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni iye rẹ̀.