Igi olórí kan: ìdílé tí àgbọn, ọ̀pẹ̀ àti ògùrọ̀ Badagry ti wá

Láti Akarakumo títí dé Gberefu, lórí ilẹ̀ tóóró tó wà láàárín ọ̀sà Badagry àti òkun Àtìláńtíìkì, àgbọn ni igi tí ojú kọ́kọ́ ń rí. Bí èèyàn bá sọdá omi wá sí ẹ̀yìn ìlú, ọ̀pẹ̀ ni yóò bá nínú oko, ògùrọ̀ ni yóò sì bá nínú àbàtà. Mọ̀lẹ́bí kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Arecaceae ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pe ìdílé náà, ẹ̀yà tó wà nínú rẹ̀ lágbàáyé sì tó nǹkan bíi 2,600. Pankẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń hun àga wà lára wọn, dàbínù náà wà níbẹ̀, títí kan igi erékùṣù Seychelles kan tí kóró rẹ̀ ẹyọ kan lè wúwo tó kílò 20. Ìpín tiwa nínú ogún yìí kò pọ̀: orí ilẹ̀ Áfíríkà kò ní tó 70 ẹ̀yà, nígbà tí erékùṣù Madagascar nìkan ní bíi 200.

Àwọn igi yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ ìrókò. Àgbàdo àti koríko ni wọ́n bá tan. Ìrókò ní awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan lábẹ́ èèpo rẹ̀ tó ń bí igi tuntun lọ́dọọdún. Awọ yẹn ló ń jẹ́ kó sanra, òun náà ló ń jẹ́ kí egbò rẹ̀ jinná. Àgbọn kò ní in. Ẹ bẹ kùkùté àgbọn wò, ẹ ò ní rí òrùka ọdún kankan níbẹ̀. Àmì tóótòòtó dúdú ni ẹ ó rí tó fọ́n káàkiri, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ni ọ̀nà tí omi àti oúnjẹ ń gbà kọjá nínú igi. Nígbà tí àgbọn bá wà ní kékeré, ìdí rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ fẹ̀. Bó bá ti ń ga, sísanra ti parí nìyẹn. Ìdí nìyí tí ibi ẹsẹ̀ tí àwọn kan ń fi àdá gbẹ́ sára àgbọn, kí wọ́n lè rí nǹkan tẹ̀ gùn ún, kì í fi í dí títí tí igi náà yóò fi kú. Omi ń gba ibẹ̀ wọlé, kòkòrò ń gba ibẹ̀ wọlé. Mo rò pé ó yẹ kí a jáwọ́ nínú àṣà yẹn. Igbà tí akọ̀pẹ fi ń gun igi kò dá egbò sí i lára.

Orí kan ṣoṣo sì ni igi náà ní. Láàárín ewé tó wà lókè pátápátá ni ọ̀mùnú funfun rírọ̀ kan wà. Ibẹ̀ ni gbogbo ewé àti gbogbo òdòdó ti ń jáde. Irú àgbọn tí wọ́n ń pè ní àgbọn gíga, tó bá lera, ń yọ ewé 12 sí 14 lọ́dún, abẹ́ ewé kọ̀ọ̀kan sì ni ìdì òdòdó kan ti ń yọ. Nǹkan bí oṣù 12 ni èso máa ń lò kó tó gbó, nítorí náà ẹ ó rí òdòdó, èso wẹ́wẹ́, àgbọn tútù àti èyí tó ti gbẹ lórí igi kan ṣoṣo lọ́jọ́ kan náà. Àgbọn kò ní àsìkò bíi ti máńgòrò.

Òdòdó yẹn yẹ ní wíwò dáadáa. Inú akọ̀ líle ló máa ń wà. Bí akọ̀ bá là, ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ yóò tú jáde, òdòdó akọ wẹ́wẹ́ yóò kún ara wọn, tí abo roboto díẹ̀ yóò sì wà nísàlẹ̀. Lára àgbọn gíga tó pọ̀ jù létíkun wa, akọ máa ń là kó sì rẹ̀ dànù kí abo tó ṣe tán, kó lè gba lẹ́búlẹ́bú igi mìíràn. Yàrá mẹ́ta ló wà nínú abo náà. Ẹyọ kan ló ń di èso, méjì yòókù á pa rẹ́. Ojú mẹ́ta tó wà ní ìdí àgbọn ni àmì wọn, ìyẹn ló sì fà á tó fi jẹ́ pé ojú kan ṣoṣo ló máa ń rọ̀ tí a bá fẹ́ lu àgbọn mu.

Ọ̀nà ti ọ̀pẹ̀ yàtọ̀. Ó máa ń yọ ìdì akọ fún ìgbà kan, lẹ́yìn náà ni yóò yọ ìdì abo, lórí igi kan náà. Kòkòrò kékeré kan tó ń jẹ lára òdòdó akọ, Elaeidobius kamerunicus, ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú lọ fún abo. Nígbà tí wọ́n gbin ọ̀pẹ̀ rẹpẹtẹ ní Malaysia, kòkòrò náà kò sí níbẹ̀, òṣìṣẹ́ ló ń fi ọwọ́ bu lẹ́búlẹ́bú sí i. Ọdún 1981 ni wọ́n tó wá kó o láti Cameroon. Ilẹ̀ Áfíríkà wa ni ọ̀pẹ̀ fúnra rẹ̀ ti lọ, kòkòrò tó ń jẹ́ kó so sì tún tẹ̀ lé e láti ibí.

Àlejò ni àgbọn ní tirẹ̀. Ìwádìí tí Bee Gunn, Luc Baudouin àti Kenneth Olsen gbé jáde ní 2011 fi hàn pé ibi méjì ni ọmọ aráyé ti kọ́kọ́ sọ ọ́ di ohun ọ̀gbìn: agbègbè Pàsífíìkì àti agbègbè òkun Íńdíà. Láti òkun Íńdíà ni tiwa ti wá, nínú ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí, lẹ́yìn tí Vasco da Gama ti ṣí ọ̀nà Íńdíà.

Ní ti ògùrọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń yọ òdòdó láyé rẹ̀. Yóò máa kó ṣúgà jọ fún ọdún púpọ̀, yóò ná an tán lórí síso ẹ̀ẹ̀kan náà, yóò sì kú. Ṣúgà tó kó jọ yìí ni adẹ́mu ń dè lọ́nà.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àgbọn. Orí kan ṣoṣo tó ní ló jẹ́ kí àìsàn kan tó ń pa á burú gan-an. Kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n ń pè ní phytoplasma ló ń fà á. Àwọn kòkòrò tó ń fa omi ara ewé mu ló ń gbé e kiri, inú ọ̀nà oúnjẹ igi ló sì ń gbé. Èso á kọ́kọ́ já bọ́, òdòdó tuntun á dúdú, ewé á pọ́n, ọ̀mùnú á jẹrà, igi á sì dúró láìlórí bí òpó iná tí wọ́n ti já wáyà rẹ̀. Wọ́n ti rí i ní Awka ní 1917, ní Cape St Paul ní Gánà ní 1932. Tógò náà mọ̀ ọ́n. Kò tíì sí oògùn tó ń wò ó sàn pátápátá. Igi tó bá ti mú, gígé àti sísun ló kù.

Bí wọ́n bá gé ọ̀pọ̀ igi mìíràn, ó lè hù padà láti ìdí. Àgbọn tí wọ́n gé nítorí ilé kíkọ́ létíkun kò ní hù mọ́. NIFOR, iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀pẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀, ní ẹ̀ka tó ń rí sí àgbọn ní Badagry. Ẹ lọ béèrè irúgbìn tó dára níbẹ̀. Àgbọn gíga lè lo ọdún mẹ́fà sí mẹ́wàá kó tó so, nítorí náà kí ẹni tó bá gé ọ̀kan ti gbin méjì sílẹ̀ kí òjò ọdún yìí tó dá.